Oyè Yunifásítì Nínú Ìdáṣẹ́sílẹ̀: Kí Ni Ó Kù Lẹ́yìn Kíláàsì?

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ní Nàìjíríà lónìí, yálà ìmọ̀ ìṣègùn ni ó ń kọ́ tàbí ìmọ̀ èdè Yorùbá, tí kò ní jókòó sínú kíláàsì ìdáṣẹ́sílẹ̀ kí ó tó gba oyè. Ọdún 2006 ni ìjọba àpapọ̀ pa á láṣẹ pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ gíga sọ ẹ̀kọ́ náà di dandan. Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì, gbé jáde ní òpin ọdún 2022, tí lílò rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 2023, kọ́ọ̀sì méjì ni ó dúró fún un: ENT 211 ní ọdún kejì, tí ó dá lé ìdáṣẹ́sílẹ̀ àti ìmọ̀ ọ̀tun, àti ENT 312 ní ọdún kẹta, tí ó dá lé bí a ti ń gbé okòwò kalẹ̀ gan-an. Yúníìtì méjì méjì ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń kà wọ́n bí ẹni ń san owó orí.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí kì í ṣe yúníìtì mẹ́rin ni tiwọn. Ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún gbáko ni wọn yóò lò lórí ìdáṣẹ́sílẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni a ó sì kọ sórí ìwé-ẹ̀rí wọn. Yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́ ní ẹ̀ka fún un. Ti Mínnà náà ní. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta náà ní. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wà ní irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ni ó yàn án fúnra rẹ̀. Àwọn mìíràn bèèrè fún ìṣirò owó tàbí ìṣàkóso okòwò, èyí ni wọ́n fún wọn, wọ́n sì gbà á nítorí pé ọdún kan mìíràn nílé le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí oyè náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe yẹ kí ó hàn sí ọmọ tí ó fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù JAMB, àti sí òbí tí yóò sanwó. Bí a bá kó owó ilé-ẹ̀kọ́, owó ilé gbígbé àti owó oúnjẹ ọdún mẹ́rin jọ sójú kan, owó ìbẹ̀rẹ̀ okòwò ni.

Ẹ̀kọ́ yìí kò bẹ̀rẹ̀ láàrin àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà, ní 1947, ni Myles Mace ti dá kọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ lórí bí a ti ń ṣe àkóso ilé-iṣẹ́ tuntun. Àgbàlagbà tí wọ́n ti gba oyè kìn-ín-ní ni àwọn tí ó kọ́, púpọ̀ nínú wọn sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ojú Ogun Àgbáyé Kejì dé ni. Wọ́n ti rí ayé kí wọ́n tó jókòó. Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà wá sọ̀ kalẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀dọ́, Babson College ní ìpínlẹ̀ Massachusetts wà lára àwọn tí ó lórúkọ jù lọ nídìí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé ilé-ẹ̀kọ́ yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìn-ín-ní lówó. Wọ́n pín ara wọn sí ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, wọ́n gbé okòwò kékeré kalẹ̀, wọ́n tajà, wọ́n sì dá owó tí wọ́n yá padà. Nàìjíríà gba ẹ̀kọ́ náà wọlé. Ìwé rẹ̀ ni ó gbà. Owó yíyá náà kò bá a dé.

Bí a bá sì wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí níbẹ̀rẹ̀, kò ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá rárá. Richard Cantillon, ọmọ Ireland tí ó ṣòwò nílùú Paris, kọ ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní 1755 lẹ́yìn ikú rẹ̀. Àlàyé tí ó ṣe níbẹ̀ ni pé adáṣẹ́sílẹ̀ ni ẹni tí ó ra nǹkan ní iye tí ó mọ̀, tí ó sì fẹ́ tà á ní iye tí kò tíì mọ̀. Alájàpá tí ó kó àpò gàrí sínú ọkọ̀ láti oko wá sí Èkó nìyẹn. Ó mọ iye tí ó rà á. Kò mọ iye tí ọjà yóò pè é, kò sì mọ̀ bóyá ọkọ̀ yóò takú lójú ọ̀nà. Ohun tí èdè Yorùbá kò ní ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí yóò kó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Òwò ń tọ́ka sí rírà àti títà, iṣẹ́ ọwọ́ ń tọ́ka sí ìmọ̀ tí ó wà ní ìka, ìdókòwò ń tọ́ka sí owó tí a fi lélẹ̀. Ìdáṣẹ́sílẹ̀, tí lílò rẹ̀ ń wọ́pọ̀ báyìí, ọjọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni ó ń wò. Kò sọ nǹkan kan nípa ọdún kẹwàá. Àbùkù kan náà ni ó wà lára ẹ̀kọ́ tí a fi ọ̀rọ̀ náà pè.

Ìdí ni pé bíbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni ìṣòro Nàìjíríà. Ìwádìí tí NBS, àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè, ṣe lórí iṣẹ́ ní 2023 fi hàn pé nígbà tí ọdún náà fi dé àárín, ó lé ní 85 nínú ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́ tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ara wọn ni wọ́n ń ṣe. Ó sì lé ní 90 nínú ọgọ́rùn-ún tí iṣẹ́ wọn jẹ́ irú èyí tí kò ní ìwé, tí kò sì ní owó ìfẹ̀yìntì. Orílẹ̀-èdè tí ó jẹ́ pé ẹni mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ti jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀ kò nílò ẹni tí yóò máa wàásù fún un pé kí ó dá dúró. Ìyá tó ń ta ata ní ẹnu ọ̀nà yunifásítì ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ kí a tó bí olùkọ́ ENT 211. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni okòwò tí ó dàgbà tó láti gba ẹni mẹ́wàá síṣẹ́, tí yóò sì máa lọ lẹ́yìn ikú ẹni tí ó gbé e kalẹ̀. Nígbà tí ìjọba bá ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́jáde pé kí wọ́n má wá iṣẹ́ mọ́, kí wọ́n dá a sílẹ̀, ẹrù tí ó yẹ kí ìjọba, báńkì àti ilé-iṣẹ́ ńláńlá jọ gbé ni ó ń gbé lé ọmọ ọdún méjìlélógún lórí.

Bí àwọn ará ìṣáájú ti ń kọ́ni lówò yẹ ní wíwò, kì í ṣe láti fi yin àtijọ́, bí kò ṣe láti mọ ohun tí kíláàsì kò ní. Àwọn òsómàáló Ìjẹ̀ṣà gbé aṣọ káàkiri ìlú àti abúlé ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tó kọjá. Wọ́n ń tà á láwìn, wọ́n sì ń padà lọ gba owó. Orúkọ wọn gan-an sọ ọ́ pé ní ìlóṣòó ni olówó yóò wà títí owó rẹ̀ yóò fi wọlé. Ọ̀dọ́ tí ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n tàbí ìbátan rẹ̀ sínú òwò náà kò ka ìwé kankan lórí gbèsè. Ó rí ẹni tí ó yẹ kí a tà fún láwìn àti ẹni tí kò yẹ, ó sì gbọ́ irú ohùn tí ọ̀gá rẹ̀ fi ń bá ẹni tí kò fẹ́ san sọ̀rọ̀. Títí di òní, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó wà lọ́dọ̀ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì kì í gbé iṣẹ́ ọwọ́ nìkan lọ ní ọjọ́ tí ó bá ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Ẹni tó ń ta òwú àti aṣọ fún ọ̀gá ti mọ ojú rẹ̀, yóò sì dá a ní àwìn nítorí orúkọ ọ̀gá. Àwọn oníbàárà kan ti mọ ọwọ́ rẹ̀. Nínú ètò ìkọ́ṣẹ́ àwọn Igbo, ọ̀gá a tilẹ̀ máa fún ọmọ tí ó sìn ín dé ojú àmì ní owó tàbí ọjà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ètò náà ní àbùkù tirẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni ó ti lo ọdún kan nídìí omi pípọn àti ọmọ gbígbé fún ìyàwó ọ̀gá kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Àkọsílẹ̀ kì í sábà sí. Owó ọjà àti owó oúnjẹ wà nínú àpò kan náà. Bí ọ̀gá bá sì ṣaláìsí, ṣọ́ọ̀bù a tì. Ibí yìí gan-an ni yunifásítì ti ní ohun tí ọ̀gá kò ní. Akẹ́kọ̀ọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀ tí ó fetí sílẹ̀ yóò mọ̀ pé òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 gba ẹnì kan ṣoṣo láyè láti dá ilé-iṣẹ́ aládàáni sílẹ̀. Yóò mọ ìyàtọ̀ tó wà láàrin kí a forúkọ okòwò lásán sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC àti kí a fi orúkọ ilé-iṣẹ́ tí gbèsè rẹ̀ ní ààlà sílẹ̀. Bí ti àkọ́kọ́ bá jẹ gbèsè, gbèsè náà lè tẹ̀lé olówò dé ilé, kí ó gba ọkọ̀ àti ilẹ̀ rẹ̀. Bí ti èkejì bá jẹ ẹ́, ilé-iṣẹ́ ni ó jẹ ẹ́, àfi bí olówò bá fi ohun ìní ara rẹ̀ dúró. Yóò mọ̀ pé èrè kọ́ ni gbogbo owó tó wà nínú dúrọ́ọ̀ lálẹ́. Ìmọ̀ wọ̀nyí kò kéré. Ó ti gba ilé lọ́wọ́ ẹlòmíràn nítorí pé kò ní in.

Ṣùgbọ́n ṣé kíláàsì ń sọ akẹ́kọ̀ọ́ di adáṣẹ́sílẹ̀? Hessel Oosterbeek, Mirjam van Praag àti Auke Ijsselstein yẹ ọ̀rọ̀ náà wò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ní Netherlands, èsì ìwádìí wọn sì jáde ní 2010. Ètò kan ni wọ́n wò nínú èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ilé-iṣẹ́ kékeré kalẹ̀ tí wọ́n sì ń darí rẹ̀ fúnra wọn. Kò hàn pé ètò náà fi kún ìmọ̀ọ́ṣe wọn bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ti díwọ̀n rẹ̀. Èrò láti dá iṣẹ́ sílẹ̀ tilẹ̀ dín kù láàrin wọn. A lè ka èyí sí ìkùnà. Ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ èrè, nítorí pé ẹni tí ó tètè mọ̀ pé òwò kò bá òun lára mu ti ra ọgbọ́n ní owó pọ́ọ́kú. Àmọ́ ẹni tí ìdáṣẹ́sílẹ̀ jẹ́ apá kan lára ẹ̀kọ́ rẹ̀ nìkan ni irú èrè yẹn wà fún. Ẹni tí gbogbo oyè rẹ̀ jẹ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀, tí ó wá rí i ní ọdún kẹta pé òwò kò wu òun, ibo ni yóò yà sí? Onímọ̀ ẹ̀rọ tí okòwò rẹ̀ fọ́ ṣì jẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ.

Ní Nàìjíríà fúnra rẹ̀, ẹ̀rí kan wà tí àwọn tó ń ṣètò ẹ̀kọ́ kì í sábà mẹ́nu bà. Ní 2011, ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan bẹ̀rẹ̀ ìdíje YouWiN!, nínú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ti kọ ètò okòwò wọn ránṣẹ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 24,000 ènìyàn tí ó díje lákọ̀ọ́kọ́. 1,200 ni ó borí. Kèké ni wọ́n ṣẹ́ láti yan apá kan nínú àwọn tí ó borí, èyí sì jẹ́ kí David McKenzie ti Báńkì Àgbáyé lè fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n jọ dé ìpele kan náà ṣùgbọ́n tí kèké kò mú. Ohun tí ó tẹ̀ jáde ní 2017 ni pé àwọn tí ó rí owó náà gbà, tí ó súnmọ́ $50,000 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìpíndọ́gba, dá okòwò sílẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, okòwò wọn sì pẹ́ jù. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, àwọn tí ó ní òṣìṣẹ́ mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fi ohun tí ó lé ní ogún pọ̀ ju ti àwọn tí kò rí i gbà. Owó ni ó sì ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà: wọ́n fi ra ẹ̀rọ, wọ́n fi gba ènìyàn.

Èyí ni ó mú kí oyè ìdáṣẹ́sílẹ̀ tí kò ní owó lẹ́yìn dà bí láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ awakọ̀ tí kò ní ọkọ̀. Ní 2021, báńkì àpapọ̀, CBN, gbé ètò kan kalẹ̀ tí yóò máa yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga lówó, tí ẹnì kan lè gba tó mílíọ̀nù márùn-ún náírà níbẹ̀. Ní òpin 2023, báńkì kan náà kéde pé òun ń yọ ọwọ́ kúrò nínú irú ètò ìrànwọ́ tààrà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó wọlé ní 2021 pẹ̀lú ìrètí owó yẹn kò tíì ka ẹ̀kọ́ dé ìdajì nígbà tí wọ́n pa dà sẹ́yìn.

Owó nìkan kọ́, sibẹ̀. Ní Lomé, olú-ìlú Togo, àwọn olùṣèwádìí pín 1,500 àwọn olókòwò kékeré sí ọ̀nà mẹ́ta. Wọ́n kọ́ àwọn kan ní ìṣirò owó, ìpolówó ọjà àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí ìwé ti ń kọ́ni. Wọ́n kọ́ àwọn kejì bí ènìyàn ti ń fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà, bí ó ti ń rí ìṣòro kí ó tó dé, àti bí kò ti ní jáwọ́ bí nǹkan bá dojú rú. Wọn kò kọ́ àwọn kẹta ní nǹkan kan. Èsì rẹ̀, tí ó jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà Science ní 2017, ni pé èrè àwọn kejì fi 30 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Ti àwọn àkọ́kọ́ fi 11 ga, iye tí kò tó èyí tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀kọ́ ni ó fà á. Èyí tí kò ṣe púpọ̀ nínú méjèèjì ni ó jọ ohun tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé ENT. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀ tí ó rọrùn láti fojú fò: gbogbo àwọn tí wọ́n kọ́ ni wọ́n ti ní okòwò tẹ́lẹ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́ lónìí, wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù tí wọn yóò ti dán an wò lọ́la.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kò ní irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó ní ni gbọ̀ngàn tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn kún, ìwé pélébé tí wọ́n ní kí ó rà, àti ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tí yóò bi í ní ànímọ́ márùn-ún tí adáṣẹ́sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní. Nígbà tí ASUU yan iṣẹ́ lódì fún oṣù mẹ́jọ ní 2022, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán, bàtà ṣíṣe, irun gígẹ̀ àti oúnjẹ sísè fún títà. Wọ́n bá oníbàárà jà, wọ́n jẹ gbèsè, wọ́n san án. Kò ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ẹni tí ó ti ní ogójì oníbàárà nínú wọn bá padà sí kíláàsì, tí ó sì gba D nínú ìdáṣẹ́sílẹ̀.

Oyè náà kò burú fún gbogbo ènìyàn. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní ilé-ìtajà ńlá, tí ó ti ń bá a ka owó láti kékeré, yóò rí ibi tí yóò ti lo ohun tí ó kọ́. Ẹni tí ó ti ní iṣẹ́ ọwọ́ kan kí ó tó wọlé náà yóò jèrè rẹ̀. Ẹni tí ó há sí àárín ni ọmọ tí kò ní iṣẹ́ ọwọ́, tí kò sí oníṣòwò nínú ìdílé rẹ̀, tí ó rò pé yunifásítì yóò fún òun ní méjèèjì. Ìlànà NUC ní àyè tí a lè fi ràn án lọ́wọ́. Ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀kọ́ ni àjọ náà là sílẹ̀. Ó fi ìdá 30 lé yunifásítì kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́. Yunifásítì tó wà ní Abẹ́òkúta kò jìnnà sí Ìtòkú, níbi tí àwọn aládìrẹ pàtẹ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lo sáà kan lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn, tí ó bá a ṣírò owó aṣọ funfun, owó aró àti owó iṣẹ́, tí ó sì rí bí àfarawé tí wọ́n tẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ ní China ti ń bọ́ sí ọjà ní iye tí kò tó tirẹ̀, ti bá ìbéèrè gidi pàdé. Ìyá aládìrẹ náà yóò sì rí ẹni tí yóò bá a kọ ìwé owó rẹ̀. Nínú ìlànà yẹn, kò sí ohun tí ó ní kí a má ka irú sáà bẹ́ẹ̀ sí yúníìtì.

Àwọn tí ó ń kọ́ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá kò gba oyè ìdáṣẹ́sílẹ̀, ṣùgbọ́n ENT 312 ń dúró dè wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sì kọ ètò okòwò lórí omi inú ọ̀rá tàbí adìyẹ sínsìn, tí wọn kò ní ṣe láéláé, nítorí pé òun ni wọ́n bá nínú ìwé ẹni tí ó ṣáájú wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ṣe wà nítòsí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fíìmù ń fẹ́ ìtumọ̀ abẹ́ àwòrán, ìwé ń fẹ́ ẹni tí yóò fi àmì ohùn sí i, àwọn òbí ní London àti Houston sì ń wá ẹni tí yóò kọ́ ọmọ wọn ní èdè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó kẹ́yìn yìí tó láti fi ṣe ètò okòwò tòótọ́. Òwúrọ̀ Sátidé ni ọmọ máa ń ráyè. Bí iná bá lọ ní Ìbàdàn ní wákàtí yẹn, ta ni yóò ra epo jẹnẹrétọ̀, èló sì ni yóò kù nínú owó pọ́n-ùn tí wọ́n san lẹ́yìn tí báńkì bá ti yọ tirẹ̀? Ọmọ ọdún méje a máa fẹ́ràn kíláàsì ní oṣù kìn-ín-ní. Ní oṣù kẹta, ó ti ń bèèrè fún eré bọ́ọ̀lù. Olùkọ́ tó jókòó sí Ìbàdàn ní láti mọ ohun tí yóò sọ fún ìyá ọmọ náà nígbà tí owó oṣù kẹrin kò bá wọlé.